Fíréèmù Jígí àti Tábìlì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kàn

Ọdún méjì gbáko ni jígí tí mo máa ń wò kí n tó jáde fi wà láìní fíréèmù. Ìṣó mẹ́rin ni mo fi há a mọ́ ògiri, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ìtìjú yẹn ló sọ mí di káfíńtà.

Irú iṣẹ́ igi tí wọ́n ń pè ní Craftsman ló wù mí. Gustav Stickley, ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká nínú ìwé ìròyìn tó gbé jáde láti ọdún 1901 sí 1916. Kò sí òdòdó gbígbẹ́ lára rẹ̀, kò sí wíwé-wíwé kankan. Igi tó nípọn ni, ìlà rẹ̀ gún, ibi tí igi kan ti wọ inú èkejì sì wà ní gbangba. Mo ní, ‘Èyí á rọrùn.’ Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi o! Ọ̀ṣọ́ ló máa ń bá káfíńtà bo àṣìṣe rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni mo sì ní n kò fẹ́.

Igi óákù funfun ni mo lò, èyí tí wọ́n là débi pé ìlà ọjọ́ orí igi dúró ṣánṣán sí ojú pákó. Irú pákó bẹ́ẹ̀ kì í sábà ká kò, ojú rẹ̀ á sì máa dán níbì kan níbì kan bí ìpẹ́ ẹja.

Òpó méjì, ìdábùú méjì, fíréèmù nìyẹn. Pákó mi nípọn ní mílímítà 21, mo sì pín in sí mẹ́ta: mílímítà 7 láàárín fún ahọ́n, ìyẹn orí ìdábùú tí mo fá tínrín, àti ihò ara òpó tí ahọ́n máa wọ̀. Ihò ni mo kọ́kọ́ gbẹ́, torí fífá ahọ́n kó bá ihò mu yá ju títún ihò ṣe lọ. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo wọn ìdábùú kan láti ẹ̀yìn, tí mo sì wọn àwọn yòókù láti iwájú. Ìlà mi ti fi mílímítà 1 yẹ̀ kúrò láàárín, bí mo ṣe tò wọ́n pọ̀, ìdábùú yẹn fi mílímítà 2 yọ síta bí eyín àgbà. Mo jù ú nù, mo gé òmíràn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí iwájú igi kí n tó fọwọ́ kan ayùn.

Ìṣó onígi ló dùn mọ́ mi jù. Ihò rẹ̀ tó wà lára ahọ́n, mo jẹ́ kó fi mílímítà 1 sún mọ́ èjìká ahọ́n, ibi tí ahọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ju èyí tó wà lára òpó lọ. Bí mo ti ń fi òòlù lu ìṣó wọlé, ó ń fa ìdábùú mọ́ òpó, igi ń ké kín-ín, àlàfo sì pa dé lójú mi.

Èéfín amóníà, kẹ́míkà kan tí òórùn rẹ̀ le, ni wọ́n fi ń sọ óákù di aláwọ̀ ilẹ̀ láyé Stickley. Ó lè ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, n kò dán an wò. Àwọ̀ inú agolo ni mo fi kùn tèmi.

Mo gbé jígí sí i, mo yí i padà, ìlà funfun kan yí jígí po. Mo nù ún títí, kò lọ. Àṣé jígí ló ń fi ẹ̀yìn ètè fíréèmù, ìyẹn etí rẹ̀ tó bo etí jígí, hàn mí, ibi tí n kò kùn torí mo rò pé ojú ò ní débẹ̀. Mo yọ ọ́, mo kùn ún ní dúdú. Mo tún fi àyè mílímítà 2 sílẹ̀ yí jígí ká, torí igi máa ń wú, ó sì máa ń sún kì. Jígí ò mọ ìyẹn.

Kó tó gbẹ, mo ti bẹ̀rẹ̀ tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ìyẹn yá. N kò fi gọ́ọ̀mù lẹ orí rẹ̀ mọ́ ìdí. Igi kéékèèké ni mo fi dì í mú, kó lè ráyè wú.

Pákó méjì tí mo gé ní dígírì 45 ni mo fi gbé jígí kọ́, ọ̀kan lára ògiri, èkejì lẹ́yìn fíréèmù, wọ́n há mọ́ra. Ihò ìṣó mẹ́rin yẹn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.