Ajá Àgbà Tí Kì Í Sùn Lóru: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ajá wa, Tanímọ̀la, ti pé ọmọ ọdún 13 nígbà tí oorun bẹ̀rẹ̀ sí í dá lójú rẹ̀ lóru. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìsánlú, àtọmọdọ́mọ ajá ọdẹ rẹ̀ sì ni Tanímọ̀la. Bí a bá ti paná tán, á dìde, á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò omi, láti ìdí ìkòkò omi padà sí ẹnu ọ̀nà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà mìíràn á kàn dúró, á kọjú sí ògiri. Àwọn ará ilé ní ó ń rí ohun tí ojú èèyàn kò rí. Ẹnì kan ní ká tà á fún àwọn tó ń pa ajá jẹ. Mi ò gbà. Ohun tí mo kọ́ láàárín oṣù márùn-ún tí mo fi ń bá a ṣọ́ òru ni mo kọ síbí fún ẹni tí ajá tirẹ̀ náà ń rìn lóru, ì báà jẹ́ ní Kàbbà, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí níbikíbi nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń dun ajá náà kí ẹ tó sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ iwin sí i.

Ẹ kọ òru náà sílẹ̀

Ẹ fi òru mẹ́ta sí márùn-ún ṣọ́ ajá náà, kí ẹ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ẹ kọ aago tó jí, ohun tó ṣe, ìgbà tó mu omi, ìgbà tó tọ̀, àti bóyá ó gbó tàbí ó kàn ń rìn. Bí fóònù yín bá lè ya fídíò, ẹ yà á fún ìṣẹ́jú kan. Ajá tó yí ilé po mọ́jú lè dúró jẹ́jẹ́ níwájú dókítà lọ́sàn-án bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Nígbà tó bá sùn, ẹ ka mímí rẹ̀. Bí ìhà rẹ̀ bá gbéra tó sì wálẹ̀, ọ̀kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá ń ju 30 lọ léraléra nígbà tó ń sùn tí ooru kò sì mú, ó lè jẹ́ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í lè dùbúlẹ̀ pẹ́, torí kò rí èémí mí dáadáa.

Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la

Ìyípadà ọjọ́ ogbó máa ń rọra wọlé ni, láàárín ọ̀sẹ̀ àti oṣù. Bí ìwà ajá bá yí padà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, tí ohùn rẹ̀ yí, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tó ń bu ohunkóhun jẹ, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń yẹ̀, ẹ rò ó pé dìgbòlugi ni. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wo bóyá eegun há a. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹni tó bá bù jẹ tàbí tó ha lára gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Nítorí náà, bí ajá ti wù kó gbó tó, ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ já.

Bí ikùn rẹ̀ bá wú tó ń gbìyànjú àtibì tí nǹkan kan kò jáde, bí kò bá lè tọ̀, tàbí bí gìrì bá gbé e, ẹ má ṣe dúró di ilẹ̀ mọ́.

Ẹ fi ọwọ́ yín wò ó

Mo fẹ́ fara balẹ̀ níbí, torí ibí gan-an ni mo ti rí ohun tó ń ṣe Tanímọ̀la. Lọ́sàn-án, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ jókòó tì í. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ìdí ìrù. Ẹ di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, ẹ rọra ká a, ẹ sì nà án. Ibi tó ti yíjú wo ọwọ́ yín, tó ti lá ètè, tàbí tó ti fa ẹsẹ̀ gbà, ibẹ̀ ló ń dùn ún. Kò dìgbà tó bá ké. Ajá ọdẹ kì í ké bọ̀rọ̀.

Ìbàdí ni ti Tanímọ̀la. Mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń yí po kó tó dùbúlẹ̀, mo rò pé àṣà ni. Làkúrègbé ni. Bó bá sùn fún wákàtí kan, oríkèé á gan, ìrora á jí i, á dìde rìn kí ara lè nà, á rẹ̀ ẹ́, á tún dùbúlẹ̀. Báyìí ló ṣe ń ṣe mọ́jú. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn àpáta wa, ó máa ń le sí i. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà nílé mọ irú òru yẹn.

Ẹ wo èékánná: èyí tó bá gùn tó ti ká máa ń jẹ́ kí gbogbo ìṣísẹ̀ dùn ún. Ẹ wo eyín àti àlàfo rẹ̀, ẹ gbóòórùn etí, ẹ wá eégbọn láàárín ìka ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọ̀tápíápíá pa eégbọn lára ajá. Májèlé ni, ajá á sì lá a mì.

Ojú àti etí ńkọ́? Ojú tó ń ṣe bíi pé èéfín bò ó kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ojú tó fọ́. Ẹ ju òwú díẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, torí òwú kì í dún. Bí ojú rẹ̀ bá tẹ̀ lé e, ó ṣì ń ríran. Ní ti etí, a máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá àgbà tí kò gbọ́ fèrè mọ́ kò fẹ́ sọnù o, etí rẹ̀ ló di. Bí kò bá ríran dáadáa tí kò sì gbọ́ràn, òkùnkùn biribiri á máa bà á lẹ́rù.

Lọ́dọ̀ dókítà ẹran

Ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti béèrè tí wọ́n fi júwe dókítà ẹran fún mi. Ẹ mú ìwé yín àti fídíò yẹn dání. Bí ajá bá ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tó sì ń tọ̀ lóru, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, torí ó lè jẹ́ kíndìnrín tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má fi omi dù ú nítorí kó má baà tọ̀. Ajá tí kíndìnrín rẹ̀ ń rẹ̀ nílò omi yẹn.

Ìyá mi ti mú paracetamol jáde fún Tanímọ̀la kí n tó dé, ìfẹ́ ló sì fi mú un. Mo bẹ̀ wọ́n, mo gbà á. Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ibuprofen àti diclofenac lè dá egbò sí inú rẹ̀, kí wọ́n sì pa kíndìnrín rẹ̀ lára. Ògógóró kì í ṣe oògùn oorun fún un. Oògùn ìrora wà tó bá ajá mu, bíi carprofen àti meloxicam, ṣùgbọ́n dókítà ló máa wọn ajá náà kó tó sọ iye tó máa lò.

Ọ̀sán ló ń tún òru ṣe

Ajá tó sùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò ní rí oorun sùn lóru. Ẹ mú un jáde sínú oòrùn àárọ̀, ẹ bá a rìn díẹ̀ nígbà méjì lóòjọ́, kì í ṣe ìrìn ọ̀nà jíjìn bíi ti ọjọ́ ọdẹ. Ẹ fi ẹja kékeré pamọ́ sábẹ́ igbá kó fi imú wá a. Imú ajá kì í tètè gbó bí ojú rẹ̀, iṣẹ́ imú sì máa ń rẹ̀ ẹ́ bí ìrìn. Ẹ fún un lóúnjẹ alẹ́ ní aago kan náà lójoojúmọ́, kó kù bíi wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì mú un jáde lọ tọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ibùsùn rẹ̀

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kò dára fún ìbàdí tó ń ro. Mo gbé pákó sílẹ̀, mo ki ògbólógbòó fóòmù àti aṣọ sínú àpò ìrẹsì méjì, mo sì tò wọ́n sí i. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń rọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò, màá fi aṣọ wé e, màá sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní sí ojú ọ̀nà tó ń gbà lọ mu omi bí ilẹ̀ bá ń yọ̀. Ẹ tan iná sólà kékeré kan sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ má sì máa ṣí ibùsùn náà kiri.

Nígbà tó bá jí ní aago méjì

Ẹ má pariwo, ẹ má nà án. Ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ mú un jáde lọ tọ̀, kí ẹ padà wọlé láì bá a ṣeré. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Bẹ́ ẹ bá fún un lẹ́ẹ̀mejì, á máa jí wá gbà á. Bó bá há sí kọ̀rọ̀, ẹ má fà á lọ́rùn. Ẹ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tó ti lè rí yín, ẹ fi ọwọ́ ti àyà rẹ̀ yí padà.

Bí ìrora bá ti lọ tí rírìn òru kò lọ

Ó lè jẹ́ ọpọlọ ló ń gbó. Àìsàn kan wà tó jọ ìgbàgbé àwọn arúgbó: ajá á há sí kọ̀rọ̀, á máa wo ògiri, á dà bíi pé kò mọ ará ilé, á tọ̀ síbi tí kì í tọ̀ sí, ọ̀sán rẹ̀ á di òru. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, ajá 28 nínú 100 tó wà ní ọmọ ọdún 11 sí 12 ló ní ó kéré tán ọ̀kan nínú irú àmì wọ̀nyí; láàárín ọmọ ọdún 15 sí 16, ó di 68. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Oògùn kan tó ń jẹ́ selegiline wà tí dókítà lè kọ, ó sì ń ran àwọn ajá kan lọ́wọ́.

Ìgbà mìíràn, ọjọ́ burúkú á wá pọ̀ ju ọjọ́ rere lọ: kò jẹun, kò lè dìde, òru kò fún un nísinmi. Ẹ bi dókítà léèrè nípa abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ajá sùn lọ láì jẹ̀rora. Ẹ má fi igi tàbí májèlé lé ẹni tó ti ṣọ́ ilé yín lọ.

Tanímọ̀la kò tíì dé ibẹ̀. Pẹ̀lú oògùn ìbàdí àti ibùsùn tuntun, ó ń sùn di nǹkan bí aago mẹ́rin. Àwọn òru kan ṣì wà tó ń dúró wo ògiri. Màá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á yíjú, á sì tẹ̀ lé iná tọ́ọ̀ṣì mi jáde.