Ìwé àdírẹ́sì ló dá mi dúró ní Leeds: bí mo ṣe rí ilé gbà

Físà mi pé, iṣẹ́ ti ń dúró dè mí nígbà tí mo dé Leeds ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Síbẹ̀, owó ilé oṣù mẹ́fà ni onílé gbà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ilé £1,000 lóṣù ni, ó di £6,000. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀jẹ́ńtì mìíràn ti há £230 mi mọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò ní pépà kankan tó gbé orúkọ mi àti àdírẹ́sì ìlú yìí pọ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Mi ò ní sọ ti síìmù tàbí bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Ìyẹn kì í ṣòro fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìwé àdírẹ́sì ṣe rí. Ẹ̀jẹ́ńtì ní kí n mú statement báńkì oṣù mẹ́ta wá, pẹ̀lú ìwé owó oṣù. Mo lọ sí báńkì, wọ́n ní kí n mú ìwé àdéhùn ilé tàbí bíìlì iná wá. Ilé-iṣẹ́ iná kì í kọ bíìlì fún ẹni tí kò nílé. Ibi iṣẹ́ fẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì kí wọ́n tó lè san owó oṣù, láìsan owó oṣù kò sì sí ìwé owó oṣù tí ẹ̀jẹ́ńtì ń béèrè. Ó ń pòòyì lójú kan bí òkòtó. Bíìlì fóònù alágbèéká ni mo kọ́kọ́ gbójú lé, àmọ́ ibi tó pọ̀ jù kì í gbà á, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nǹkan méjì ló dá òkòtó yẹn dúró. Àkọ́kọ́ ni báńkì orí fóònù. Èyí tí mo lò kò béèrè ìwé àdírẹ́sì rárá. Páásípọ́ọ̀tù ni mo yà ní fọ́tò, mo ya fídíò ojú mi, wọ́n sì fi káàdì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí mo kọ. Níbi àdírẹ́sì yẹn ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Bí ilé tí ẹ wà bá pín sí fúláàtì, tí ẹ kọ nọ́ńbà ilé láìkọ nọ́ńbà fúláàtì, ó ṣeé ṣe kí káàdì náà padà síbi tó ti wá. Ẹ bi ẹni tó gbà yín sílé bí àdírẹ́sì ṣe wà lára lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà, kí ẹ sì dà á kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Èkejì ni lẹ́tà láti ibi iṣẹ́. Kì í ṣe lẹ́tà kékeré kan tó ní "ó ń ṣiṣẹ́ níbí". Orí ìwé ilé-iṣẹ́ ni kó wà, kó ní déètì, àdírẹ́sì yín, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye owó ọdún kan, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu láìyẹ̀. Bí páásípọ́ọ̀tù bá ní Adekunle, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ Kunle sínú lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá tèmi padà fún àtúnṣe, ojú sì tì mí láti máa yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n lẹ́tà kẹta yẹn wọlé níbi gbogbo tí mo mú un dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí £230.

Owó yẹn ni wọ́n ń pè ní holding deposit, owó tí a fi ń di ilé mú kí wọ́n má gbé e fún ẹlòmíràn. Òfin Tenant Fees Act 2019 ló dè é ní England: kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ má fi 4 pín owó oṣù o. Owó oṣù lọ́nà 12, kí ẹ wá fi 52 pín in. £1,000 yóò fún yín ní £230.77. Ẹ̀jẹ́ńtì tó bá béèrè £250 ti gba lé e.

Mo san án, wọ́n ní kí n mú share code wá, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń wo ẹ̀tọ́ tí físà fún wa. Láti ìparí ọdún 2024 ni BRP, káàdì ìgbélùú, ti kógbá wọlé, eVisa, físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí àkáǹtì UKVI, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó físà, ni gbogbo wa ń lò báyìí. Mo ti ní share code kan tí mo yọ fún ibi iṣẹ́, òun náà ni mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀jẹ́ńtì fi sórí ìkànnì, kò ṣí. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní mi ò yege àyẹ̀wò, ilé ti bọ́, owó náà sì ti bọ́.

Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Ìyá kan ará Iléṣà tí mi ò mọ̀ rí, tí a jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ló wo fóònù mi tó sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀: "Ọmọ mi, W ló wà níwájú èyí. Ti iṣẹ́ ni. R ni wọ́n máa ń lò fún ilé." Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ kóòdù, wọn yóò béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ti iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W, ti ilé pẹ̀lú R, ti nǹkan mìíràn pẹ̀lú S. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 9 ni, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 90, ọjọ́ ìbí yín ni onílé yóò sì fi ṣí i. Ẹ yọ tuntun fún ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè dà á kọ, ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́.

Òfin gba ẹ̀jẹ́ńtì láyè láti mú owó náà bí ẹni bá kùnà àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ àtigbé ilé, bó bá purọ́, bó bá yẹ àdéhùn, tàbí bó bá ń fi nǹkan falẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 7. Orí fóònù ni tèmi ti sọ ọ́, kò kọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹjọ ni mo kọ ímeèlì gbólóhùn mẹ́ta: ọjọ́ tí mo san owó àti iye rẹ̀, pé wọn ò kọ ìdí kankan ránṣẹ́ bí Tenant Fees Act ṣe ní kí wọ́n ṣe, pé màá mú un lọ bá Trading Standards, ẹ̀ka council tó ń gbèjà oníbàárà, àti ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀jẹ́ńtì tí wọ́n forúkọ sí. Mo so kóòdù R mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, £230 padà sínú àkáǹtì mi. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn!

Ilé yẹn ti lọ ṣá. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ti gba £6,000, nítorí mi ò ní onídùúró. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí onídùúró máa gba owó ilé oṣù kan lọ́nà 36 lọ́dún, ìyẹn £36,000 fún irú ilé yìí, bí ẹ kò bá sì san, òun ni wọn yóò mú. Mi ò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rẹ́ lórí. Òfin ilé tuntun ti ọdún 2025 ti dí ọ̀nà yẹn: láti 1 May 2026, onílé ní England kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó oṣù kan lọ ṣáájú. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ di òfin yẹn mú dáadáa.

Nípa ọ̀rẹ́ tó gbà mí sílé kí n tó rí ilé, ohun kan wà tí àlejò kì í mọ̀. Ẹni tó ń dá gbé ń rí ẹ̀dínwó 25% lórí council tax, owó orí ilé tí à ń san fún council. Bí àgbàlagbà kejì bá wá ń gbé níbẹ̀, tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, ẹ̀dínwó yẹn lè lọ. Ìwé àdéhùn ilé rẹ̀ sì lè ní kó gbàṣẹ kó tó mú ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹ béèrè kí ẹ tó lo àdírẹ́sì rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ ó san ìyàtọ̀ náà. Mi ò béèrè, òun náà tijú, kò sọ. Ìgbà tí mo kó jáde ni mo tó mọ̀, mo sì san án.

Nọ́ńbà National Insurance, tí ìjọba fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó orí yín, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti ń béèrè rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè ti máa ṣiṣẹ́ kó tó dé. GP, dókítà àdúgbò, kò gbọ́dọ̀ fi àìsí ìwé àdírẹ́sì lé yín padà.

Deposit gangan kò gbọ́dọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, nǹkan bíi £1,153 fún ilé £1,000. Onílé gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ sínú ọ̀kan lára ètò mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, mo ya fọ́tò ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ògiri ti hu funfun, mo tanná fóònù sí mítà gáàsì lábẹ́ àkàsọ̀, mo ya nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀. Mo forúkọ sílẹ̀ fún council tax lọ́jọ́ yẹn kan náà. Bíìlì rẹ̀ gba ojú ihò lẹ́tà wọlé: orúkọ mi, nọ́ńbà fúláàtì, àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀ pé. Mo ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sínú páásípọ́ọ̀tù, mo gbé e lọ sí báńkì tó ti lé mí padà. Wọ́n gbà á.