Katakata àlòkù tó ń kú lẹ́nu iṣẹ́: ẹ yẹ ìdérí táǹkì epo wò

Igbó tí mò ń ṣán ti ga kọjá orí èèyàn. Katakata kékeré tí mo fi ń gé e á ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ìdajì wákàtí, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, á sì kú. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún dáhùn. Ó sú mi gan-an, torí igbó kì í dúró deni.

Mo pààrọ̀ fílítà epo, mo gbọn ti afẹ́fẹ́, mo tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀nà epo. Pàbó ló já sí.

Nígbà tó tún kú, mo rọra tú ìdérí táǹkì, mo sì gbọ́ "fììì": afẹ́fẹ́ ló ń já wọlé. Ihò tín-ín-rín kan wà lára ìdérí náà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé rọ́pò epo tó ń jáde. Eruku àti ìyàngbò koríko ti dí i pa, epo ò wá ráyè ṣàn mọ́. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò náà, mo fi dísẹ́ẹ̀lì fọ ìdérí, mo nù ún gbẹ. Látìgbà náà, kò kú mọ́.

Tiyín lè yàtọ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ ìró afẹ́fẹ́, ẹ wo ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú ìdérí o.