Bí A Ṣe Ń Béèrè fún Físà láti Ìlọrin, Tí Àwọn Ìwé Ẹni Kò Fi Ní Í Ta Ko Ara Wọn

Ojú ìwé méjì ni lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún mi nígbà àkọ́kọ́ pé wọn kò ní fún mi ní físà, gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló sì dùn mí jù. Òṣìṣẹ́ tó yẹ ìwé mi wò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rí owó ńlá kan tó wọ àkáǹtì mi nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n béèrè fún físà, òun kò sì rí ibi tí owó náà ti wá. Òótọ́ ló sọ. Owó àyálò ni. Ẹni tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Tánkẹ́ ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yá a, kí n jẹ́ kí ó sùn sínú àkáǹtì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n sì dá a padà fún olówó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí kò rí wa rí ló ń fi ìwé ṣe ìdájọ́ wa, àti pé ohun tó ń wá kò ju kí gbogbo ìwé wa sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ.

Ohun tí físà jẹ́, àti ibi tí a kò ti nílò rẹ̀

Pásípọ́ọ̀tù ni ìwé tí orílẹ̀-èdè tiwa fi ń jẹ́rìí ẹni tí a jẹ́; físà ni àṣẹ tí orílẹ̀-èdè tí a ń lọ fi ń gbà wá láyè láti dé ẹnu ibodè rẹ̀. Ẹnu ibodè ni mo wí, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tí a bá bá ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́hùn-ún ṣì lè bi wá léèrè ọ̀rọ̀, ó sì lè dá wa padà bí ìdáhùn wa kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀dà àwọn ìwé tí a fi béèrè fún físà wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tí ọkọ̀ òfuurufú gbé.

Oríṣiríṣi ni físà: ti ìbẹ̀wò, ti ẹ̀kọ́, ti iṣẹ́, ti ẹni tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní Ìlọrin, físà Sáúdì ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ rí, nígbà tí àwọn òbí wa ń lọ sí Hajj, àjọ tó ń bójú tó ètò Hajj ní ìpínlẹ̀ sì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún wọn. Èyí ló jẹ́ kí àwọn kan rò pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò “bá wọn ṣe é.” Físà ìbẹ̀wò kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lọ gan-an ló ń béèrè. Kí n má sì gbàgbé: ìjọba Sáúdì kò gbà kí a fi físà ìbẹ̀wò ṣe Hajj, ẹni tí ọwọ́ bá sì tẹ̀ yóò fojú winá òfin.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni a ti nílò físà. Nítorí àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Benin, Togo, Ghana àti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù nínú ẹgbẹ́ náà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti Chikanda ní Bàrùtẹ́n kọjá sí Benin ń lo ẹ̀tọ́ yìí, bí kò bá tilẹ̀ mọ̀ pé òfin wà lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tún orúkọ ṣe

Èmi máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, kí ó kọ́kọ́ tẹ́ gbogbo ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Ní ìlú tiwa, ọ̀nà tí a ń gbà kọ orúkọ pọ̀ ju orúkọ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹnìkan lè jẹ́ Sulyman nínú ìwé ẹ̀rí WAEC, kí ó jẹ́ Suleiman lára NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, kí báńkì sì kọ ọ́ ní Sulaiman. Abdulrazaq, Abdulrasaq, àti Razaq tí wọ́n ti gé Abdul orí rẹ̀ kúrò, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Láàárín àwọn ìyá wa ní Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́, a máa ń rí ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, tí orúkọ ọkọ wà ní báńkì, tí “Alhaja” tàbí “Màmá” ọmọ rẹ̀ àgbà sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ọjà.

Mo bá ìyá kan ní Ọ̀rọ̀ ṣe irú ètò yìí nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé márùn-ún ni màmá kó jáde láti inú àpò ọ̀rá dúdú kan. Orúkọ mẹ́ta àti ọdún ìbí méjì ló wà lára wọn. Mo ya ìlà sórí ìwé kan, mo kọ orúkọ inú ìwé kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ara wọn, mo sì ní kí màmá sọ fún mi èyí tó fẹ́ máa jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Gbogbo rẹ̀ ni mò ń jẹ́ o.” NIN la kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé inú àkọsílẹ̀ NIN ni pásípọ́ọ̀tù ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn náà ni a gba ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́, a fi ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, a sì mú méjèèjì lọ sí báńkì. Ó gbà wá tó oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lè gba ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn.

Ìgbà tí orúkọ bá ti gún ni kí a gba pásípọ́ọ̀tù. Olójú ìwé 32 ń lo ọdún 5, olójú ìwé 64 sì ń lo ọdún 10. Ẹni tó ti ní tẹ́lẹ̀ kí ó wo ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò fẹ́ pásípọ́ọ̀tù tí kò ní tó oṣù mẹ́fà lára mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka òfin láti ẹnu ẹni tó ni ín

Kí a má ṣe gba òfin físà lẹ́nu ẹni tó lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba orílẹ̀-èdè náà gan-an ni kí a lọ. Ẹ wo Amẹ́ríkà: ìkéde kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026 dá fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní físà ìbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró, àyàfi àwọn tí ìkéde náà yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá sanwó fún ajẹ́ńtì láì wo èyí kò lẹ́ni tí yóò bi léèrè owó náà.

Ní ti Yúróòpù, físà Schengen kan ló ń gbéni wọ orílẹ̀-èdè 29, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí a ó ti lo ọjọ́ jù ni a gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni àgbàlagbà ń san. Físà náà kò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́, a sì gbọ́dọ̀ ra adójútòfò ìrìn-àjò tó lè gbé ìnáwó ìtọ́jú tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. A lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku iye tó dín ní ọjọ́ 15 kí a tó béèrè. Ohun kan tún wà tó máa ń ká ènìyàn mọ́: ọmọ Nàìjíríà tó kàn fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní pápákọ̀ Schengen ń lọ sí ibòmíràn gbọ́dọ̀ ní físà ìkọjá, àyàfi bí ó bá ní físà tàbí ìwé ìgbélùú tí òfin wọn tẹ́wọ́ gbà. Kí a wo ọ̀nà tí tíkẹ́ẹ̀tì máa gbé wa gbà kí a tó yan èyí tí owó rẹ̀ kéré jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó, àti ohun tí yóò dá wa padà wálé

Kì í ṣe iye tó kẹ́yìn nínú àkáǹtì nìkan ni òṣìṣẹ́ físà ń wò. Ó ń wo bí owó ṣe ń wọlé lóṣooṣù àti bí ó ṣe ń jáde, yóò sì bi ara rẹ̀ pé ṣé ìrìn-àjò yìí bá irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ mu. Àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà ni kí a múra sílẹ̀. Olówó oṣù kò ní wàhálà púpọ̀: lẹ́tà ibi iṣẹ́, ìwé ìsinmi, ìwé owó oṣù, ó parí.

Oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ahunṣọ òfì kan, tí àwọn ènìyàn ń ti Èkó wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ sí ọwọ́. Owó wà, ṣùgbọ́n báńkì kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fẹ́ rìn lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òní lọ máa fi owó ọjà sí àkáǹtì bí ó ṣe ń wọlé. Kí ó fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò láti ọ̀dọ̀ CAC, ìwé ẹ̀rí owó orí láti ọ̀dọ̀ KW-IRS (àjọ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Kwara), rìsíìtì òwú, àti ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kún un. Bí èèsú bá bọ́ sí i lọ́wọ́, tàbí tó ta ilẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà àlàyé, kí ó sì fi ẹ̀rí ti í lẹ́yìn. Owó ńlá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; owó tí kò ní ìtàn ni wọ́n ń fura sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ wa lókè òkun ni yóò náwó, kí ó fi lẹ́tà ìpè, àkọsílẹ̀ báńkì tirẹ̀, ẹ̀rí pé ó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà òfin, àti ìwé tó fi hàn pé ọmọ wa ni ránṣẹ́. Síbẹ̀, kí a fi tiwa náà kún un: iṣẹ́, ilé, ọmọ tó ṣì wà ní ilé ìwé. Òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ gbà pé ẹni tó ń béèrè físà ìbẹ̀wò fẹ́ jókòó síbẹ̀ ni, títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fọ́ọ̀mù àti ìtẹ̀ka

Fọ́ọ̀mù tí ẹlòmíràn bá bá wa kọ, àwa la ni í. Kí a kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí i, kí ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù inú rẹ̀ sì jẹ́ tiwa, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì. Bí wọ́n bá bi wá bóyá wọ́n ti kọ̀ láti fún wa ní físà rí, kí a sọ òótọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọdún 10 ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fi ìwé ayédèrú tàbí irọ́ béèrè.

Èkó tàbí Àbújá ni a ó ti tẹ̀ka, tí wọn yóò sì ya àwòrán ojú wa. Kí ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ gbéra ní ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣeé búra fún. Kí àwọn ìyàwó tuntun má sì lé láálì sí orí ìka lọ́sẹ̀ náà, nítorí pé láálì lè dí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ télọ̀.

Nígbà tí èsì bá dé

Kí a má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà kí físà tó jáde. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí a ka ìdí tí wọ́n fi kọ̀, kí a tún ohun náà gan-an ṣe kí a tó padà lọ. Ẹni tó bá kó ìwé kan náà padà yóò gba èsì kan náà. Èmi dúró fún oṣù mẹ́jọ, mo jẹ́ kí àkáǹtì mi sọ ìtàn tirẹ̀, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà kejì pé àyálò ni owó ti àkọ́kọ́. Wọ́n fún mi.

Bí físà bá wọlé, kí a kà á kí a tó kúrò níbi tí a ti gbà á: orúkọ, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, iye ìgbà tí a lè wọlé, àti ọjọ́. Lára físà Schengen, ọjọ́ méjì wà tó ń sọ àkókò tí físà náà fi ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà mìíràn sì wà lọ́tọ̀ tó ń sọ iye ọjọ́ tí a lè lò. Ẹni tí físà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, tí wọ́n sì kọ 15 síbẹ̀, ọjọ́ 15 péré ló ní, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde sì wà nínú rẹ̀.