Nígbà Tí Statistics MBA Bá Dojú Rú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń jókòó ti àwọn tó ń ṣe MBA mọ́ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn mìíràn nínú wọn ti wọkọ̀ láti Èkó ní ìdájí, ó sì ti rẹ̀ wọ́n kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí léraléra lórí statistics, ìyẹn ìmọ̀ kíkó nọ́ńbà jọ àti títúmọ̀ wọn, nìwọ̀nyí. Mo ti yọ orúkọ àti ibi iṣẹ́ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ṣe ìṣirò gbẹ̀yìn níléèwé. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni lẹ́kíṣọ̀ wa ti kọ àmì Gíríìkì kún ojú bọ́ọ̀dù. Ṣé kí n wá ẹni tí yóò kọ́ mi ní mátì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má náwó sí i, mà. Àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti square root ló wà níbẹ̀, Excel ni yóò sì bá yín ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí àwọn àmì yẹn ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: μ (ìpíndọ́gba) àti σ (standard deviation, bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́n ká tó) jẹ́ ti gbogbo èèyàn tàbí gbogbo ọjà tí ọ̀rọ̀ kàn, x̄ àti s jẹ́ irú wọn kan náà fún ìwọ̀nba tí ọwọ́ yín tó. Odindi àpò gàrí ni μ, ẹ̀kúnwọ́ tí ẹ bù tọ́ wò ni x̄. Ìdí nìyí tí Excel fi ní STDEV.P àti STDEV.S. Ẹ̀kúnwọ́ la sábà máa ń ní nínú iṣẹ́ MBA, nítorí náà S ni kí ẹ lò.

Ohun tí mo rí i pé ó ń fìyà jẹ àwọn àgbà ni pé ojú ń tì wọ́n láti béèrè níwájú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, ó kàn dákẹ́ ni.

Ìbéèrè: Mo kó ọjà títà àádọ́rùn-ún ọjọ́ sínú Excel. Bí mo bá tẹ Regression, èyí tó ń wo bí nǹkan kan ṣe ń bá òmíràn rìn, á ní "Input range contains non-numeric data". Nọ́ńbà ló kún ibẹ̀ o, mo fi ojú ara mi rí i!

Ìdáhùn: Nọ́ńbà lẹ rí, ọ̀rọ̀ ni Excel rí. Ẹ wo kọ́lọ́mù náà: èyí tó jẹ́ nọ́ńbà lóòótọ́ á fara ti ọwọ́ ọ̀tún àpótí, èyí tí Excel kà sí ọ̀rọ̀ á fara ti ọwọ́ òsì. Ẹ ó rí i pé ẹnì kan ti kọ "N45,000", tàbí "Nil" ní ọjọ́ tí wọn kò tajà, tàbí kó fi àyè sẹ́yìn nọ́ńbà. Àpótí tó ṣófo náà máa ń dá wàhálà yìí kan náà sílẹ̀. Ẹ kọ =COUNT fún kọ́lọ́mù yẹn, kí ẹ kọ =COUNTA sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. COUNT ń ka nọ́ńbà nìkan, COUNTA ń ka ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Bí ìkíní bá jẹ́ 79 tí ìkejì jẹ́ 90, mọ́kànlá ló ń fara pamọ́.

Ẹ dúpẹ́ pé Regression pariwo, nítorí SUM àti AVERAGE kì í pariwo. Wọ́n á fo ọ̀rọ̀ náà kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, wọ́n á sì fún yín ní èsì tó dà bí òótọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá: ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé ọjà máa ń kọ "1.2m" ní ọjọ́ tí ọjà bá yá. Àwọn ọjọ́ tó dára jù lọ gan-an ni Excel ń dà nù. Mo ti jókòó kọ ojú ìwé méjì lórí ìdí tí ọjà fi ń lọ sílẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ẹ yẹ déètì náà wò. Bí ètò laptop yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 03/04 tí ẹ kọ fún ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kò sì ní sọ fún yín. Fún ẹni tí kò tíì rí Data Analysis, ibi tí Regression wà, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀: File, Options, Add-ins, Go, kí ẹ mú Analysis ToolPak. Kò sí i lórí Excel ti fóònù, ẹ má wá a kiri.

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Mo ṣírò rẹ̀ pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń ná ₦8,000 lọ́dọ̀ mi, ni ọmọ tó ń bá mi tajà bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ná iye yẹn. Ta ló tọ̀nà nínú wa?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká mú oníbàárà méje: ₦1,200, ₦1,500, ₦1,800, ₦2,000, ₦2,500, ₦3,000, àti ẹnì kan tó wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà oṣù mẹ́ta fún bàbá rẹ̀, ₦44,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦56,000. Ẹ pín in sí méje, ₦8,000 ni ìpíndọ́gba tí wọ́n ń pè ní mean. Ẹ wo ẹni tó dúró sí àárín, ₦2,000 ni, òun ni median. Ọmọ yín ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó sábà ń wọlé. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ nípa owó tó wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye owó tí ẹ máa fi ra ọjà oṣù tó ń bọ̀, mean ni kí ẹ lò, nítorí òun ló ń rántí àpapọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọjà kéékèèké tí ẹ máa kó síwájú ṣọ́ọ̀bù, median ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ₦44,000 yẹn kúrò nítorí pé ìwé pè é ní outlier, ìyẹn iye tó jìnnà sí àwọn yòókù. Àṣìṣe ìkọ̀wé la máa ń yọ. Èyí oníbàárà gidi ni, ó sì lè jẹ́ pé òun ló ń san owó iná yín.

Ìbéèrè: Lẹ́kíṣọ̀ bi mí pé kí ni p-value 0.03 túmọ̀ sí. Mo ní ó túmọ̀ sí pé ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí null, ìyẹn èrò pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀, jẹ́ òótọ́. Ó fi gègé pupa fà á já. Kí ni mo ṣì sọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣì í sọ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣì í sọ, títí kan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ó burú débi pé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ statistics ní Amẹ́ríkà, American Statistical Association, gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2016.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹnì kan ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún, orí ló hàn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí owó náà kò bá ní màgòmágó, ẹ̀ẹ̀kan nínú 32 ni irú èyí á máa ṣẹlẹ̀, ìyẹn 0.03. Ohun tí p-value sọ tán nìyẹn: bí kò bá sí ohunkóhun níbẹ̀, báwo ni irú ohun tí mo rí yìí ṣe ṣọ̀wọ́n tó? "Bí kò bá sí" yẹn ni ẹ gbàgbé. Ẹ kò lè fi kò-sí bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tún wá fi èsì yẹn díwọ̀n bóyá kò-sí jẹ́ òótọ́.

Ká wá sọ pé alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ju owó náà. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní orí bàbá mà pé o. Ká sọ pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi káàdì mẹ́ta gbowó lọ́wọ́ èèyàn ní gáréèjì ni ńkọ́? Ẹ ó di àpò yín mú. 0.03 kan náà ni fún àwọn méjèèjì. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló yàtọ̀, kò sì sí nínú p-value.

Nǹkan méjì tó ń tẹ̀lé èyí. Àkọ́kọ́, 0.05 tí gbogbo ayé dì mú gẹ́gẹ́ bí ààlà p-value kò wá láti ọ̀run. Ronald Fisher ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1925, ó rí ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún gẹ́gẹ́ bí ohun tó rọrùn láti lò. Bí ẹ bá wá dán ogún nǹkan wò tí kò sí òótọ́ kankan nínú wọn, tí ọ̀kan kò sì nípa lórí èkejì, ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ "significant", ìyẹn kí p-value rẹ̀ dín sí 0.05. Èkejì, significant kò túmọ̀ sí pé ó tó nǹkan. Báǹkì tó ní dátà oníbàárà 200,000 lè rí i pé àwọn tí wọ́n fi SMS ránṣẹ́ sí fi ₦40 pamọ́ ju àwọn yòókù lọ, kí p-value sì jẹ́ 0.001. Ẹ bi wọ́n pé èló ni SMS.

Ìbéèrè: Nígbà tí a bá ń fi ẹ̀kúnwọ́ díwọ̀n ìpíndọ́gba odindi àpò, ìgbà wo ni ká lo nọ́ńbà t, ìgbà wo ni ká lo z?

Ìdáhùn: Bí ẹ kò bá mọ σ, t ni. Ẹ kì í sábà mọ̀ ọ́n. Pẹ̀lú sample (ẹ̀kúnwọ́ yẹn) mẹ́wàá, t fún ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 2.262, pẹ̀lú ọgbọ̀n ó ti di 2.045, z jẹ́ 1.96. Ẹ rí i pé wọ́n ń súnmọ́ ara wọn. William Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ fún Guinness ní Dublin, ló gbé t jáde ní 1908, nítorí sample kékeré ni iṣẹ́ ọtí ń fún un. Ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ́ kó fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ló bá pe ara rẹ̀ ní "Student".

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ 2,000 ló wà níbi iṣẹ́ wa. Mo lo fọ́múlà Taro Yamane, tó ń sọ iye èèyàn tí a ó bi ní ìbéèrè, ó fún mi ní 334. Mo fi Google Form sórí WhatsApp, àwọn 341 ló dáhùn. Alábòójútó mi ní sample mi kò dáa. Ṣé kò tíì pọ̀ tó ni?

Ìdáhùn: Ó pọ̀ tó. Àwọn tó dáhùn ni ìṣòro.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí iṣẹ́ àṣekágbá Nàìjíríà tí Yamane kì í yọjú síbẹ̀, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe. 2,000 pín sí 1 + 2,000 × 0.0025 (0.05 × 0.05; 0.05 ni àṣìṣe tí ẹ gbà láàyè), ìyẹn 333.3, tí a gbé sókè sí 334. Ẹ fi 20,000 síbẹ̀, ẹ ó rí 393. Ẹ fi 200,000 síbẹ̀, 400 ni. Pẹ̀lú 0.05 yẹn, kò ní kọjá 400 láéláé. Fọ́múlà náà kò mọ ẹni tí ẹ bi ní ìbéèrè, ó sì gbà pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ohun tí ẹ sì ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ "ìdá mélòó ló sọ bẹ́ẹ̀ni". Bí ó bá jẹ́ iye owó náírà lẹ fẹ́ wọ̀n, fọ́múlà mìíràn ni.

Ta ló wà lórí WhatsApp yẹn? Àwọn ará ọ́fíìsì. Àwọn dírẹ́bà, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́n nínú ọjà kì í tọ́ gàrí orí àpò nìkan wò; á ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, torí ó mọ̀ pé èyí tó funfun ni wọ́n ń bù sókè. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn, ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dáhùn, wọ́n sì kéde pé Landon ni yóò wọlé nínú ìbò ààrẹ. Roosevelt, tó bá a díje, ló gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Àwọn tó ní tẹlifóònù àti mọ́tò wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí jù, nínú ọdún tí ebi ń pa ará ìlú.

Ẹ lọ gba ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ HR, ẹ pín in sí ẹ̀ka, kí ẹ lo RAND, tó ń fún èèyàn ní nọ́ńbà bó ṣe bá a pàdé nínú Excel, láti mú ènìyàn nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Àádọ́jọ tí ẹ mú báyìí, tí ẹ sì lé títí wọ́n fi dáhùn, ó wù mí ju 341 yẹn lọ. Ẹ fi ìwé bá dírẹ́bà lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú gbé ìṣirò iṣẹ́ àṣekágbá mi fún àwọn tó ń fi SPSS, ètò kọ̀ǹpútà fún statistics, bá èèyàn ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ máa dúró dáhùn ìbéèrè lọ́jọ́ defence, wọn kò ní sí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kúu ṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Mo fi owó ìpolówó oṣù 48, láti 2021 dé 2024, wo owó ọjà wa nínú regression. R-square, ìyẹn ìdá tí owó ìpolówó ṣàlàyé nínú ìyípadà owó ọjà, jẹ́ 0.97. Inú mi dùn títí lẹ́kíṣọ̀ fi fún mi ní máàkì tó burú jù ní kíláàsì.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìfura ni 0.97 yẹ kó mú wá nínú dátà tí a fi náírà kà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Owó ìpolówó lọ sókè, owó ọjà lọ sókè; owó dánfó lọ sókè, búrẹ́dì náà lọ sókè. Ẹ fi iye búrẹ́dì rọ́pò owó ìpolówó nínú regression yẹn, R-square yín á ṣì ga. Ṣé búrẹ́dì ló ń ta ọ̀dà ni?

Ẹ jẹ́ kí ọjà títà jẹ́ iye gálọ́ọ̀nù. Ní ti owó ìpolówó, ẹ fi CPI, ìwọ̀n bí iye ọjà ṣe ń gòkè tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ń gbé jáde, pín in kí ọ̀wọ́ngógó lè kúrò lára rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, NBS yí ọdún ìpìlẹ̀ CPI padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ẹ má so nọ́ńbà àtijọ́ mọ́ tuntun bí ẹni so okùn.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ yà á sórí graph kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé ẹ ó rí ibi tó ti ṣẹ́. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan ti fò láti nǹkan bíi ₦190 sí nǹkan bíi ₦500. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà pàṣípààrọ̀. Ẹ ṣe kọ́lọ́mù tuntun kan, 0 fún oṣù tó ṣáájú, 1 láti oṣù kẹfà 2023 lọ. Ẹ ṣe òmíràn fún oṣù kejìlá, tí gbogbo èèyàn ń kun ilé de ọdún. Excel fẹ́ kí gbogbo kọ́lọ́mù X wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kọ̀ jálẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. R-square ti di 0.41. Owó ìpolówó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n wá nǹkan mìíràn kún un kí ó lè gòkè?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ kọ 0.41 sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ fi graph náà síwájú rẹ̀.