Tí Rímù Ọkọ̀ Yín Bá Là, Tó Jẹ́ Ìwọ̀n Mìíràn Lẹ Rí Rà

Rímù àlọ́ì tí kòtò bá ti là, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Iná máa ń ba agbára àlọ́ì jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó náà ló sì máa tún là, bóyá nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹ ra tókunbọ̀. Tí ìwọ̀n tiyín ò bá sí l'Ádó-Èkìtì, òmíràn lè ṣe é, àmọ́ méjì ni kí ẹ rà, kí ọ̀tún àti òsì lè dọ́gba. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń wa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ni, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn.

Ẹ ka ara táyà àtijọ́. 195/65R15: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 195 mílímítà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, rímù rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 15. Bí rímù bá tóbi sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà gbọ́dọ̀ kúrú sí i. 195/65R15 ga tó 634 mílímítà látòkè délẹ̀, 205/55R16 jẹ́ 632, wọ́n bára mu. Ẹni tó bá kàn ra 195/65R16 ti gbé 660 wọlé nìyẹn. Á máa ha fẹ́ńdà, míítà eré á sì máa purọ́.

Ihò nọ́ọ̀tì ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Wọ́n á ka ihò márùn-ún, wọ́n á sanwó. Iye ihò ò tó, bí wọ́n ṣe jìnnà síra ni kí ẹ wò. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti etí òsì ihò kan dé etí òsì ìkejì rẹ̀. Ti Corolla 2003 sí 2008 jẹ́ bíi 59 mílímítà, ti Camry jẹ́ 67. Ọ̀pọ̀ rímù Benz jẹ́ bíi 66, ìyẹn ló fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Camry, táwọn ọmọṣẹ́ á sì fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé tipátipá. Ó máa mú lójú ẹsẹ̀. Tó bá yá, bọ́ọ̀tì á tẹ̀, á kán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sì yọ lórí eré. Rímù tí ọwọ́ lásán ò bá lè tì wọlé, ẹ dá a padà.

Ihò àárín náà ńkọ́? Ti Camry fẹ̀ tó 60 mílímítà, ti Honda Accord jẹ́ 64. Rímù Honda á wọ Camry, àmọ́ àlàfo á wà, stẹ́ẹ̀rìn á sì máa gbọ̀n. Òrùka tí wọ́n ń tà fún un ni kí ẹ fi dí i. Ti ike tó, ẹ má gé agolo sí i. Ìdí nọ́ọ̀tì Honda rí roboto, ti rímù irin Toyota ṣe ṣóńṣó. Ẹ ra nọ́ọ̀tì tó bá rímù mu.

Kí fọkanáísà tó wọ táyà sí i, ẹ dán rímù lásán wò lára ọkọ̀. Ẹ yí i, ẹ yí stẹ́ẹ̀rìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì. Igi ìṣáná méjì gbọ́dọ̀ gba àárín rímù àti kálípà bíréèkì. Rímù tó kéré ju ti àtijọ́ ló sábà máa ń kùnà níbí.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí rímù ń fara tì, ẹ má fi gíríìsì sára bọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì tó kọjú síra lẹ máa fún tẹ̀ léra, kì í ṣe yípo. Ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún nọ́ọ̀tì Camry jẹ́ 103 Nm (Newton-mítà). Tí ẹ ò bá ní sípánà tó ń ka a, ẹ fi ọwọ́ fún un, ẹ má gun sípánà. Lẹ́yìn bíi 50 kìlómítà, ìyẹn bí Adó sí Àkúrẹ́, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún.