Bí mo ṣe to pánẹ́ẹ̀lì onílà sí ògiri pálọ̀ àti àjà ilé l'Ákùúrẹ́

Ògiri tí mo ṣe fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9 láti orí táìlì dé ìdí àjà tuntun. Ògiri tí tẹlifíṣọ̀n máa wà ni, ní pálọ̀ ilé kan ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Àjà pálọ̀ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14. Ọjọ́ mẹ́ta ni títò rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ ṣáájú lórí ògiri nìkan.

Òjò ìlú wa kì í ṣe òjò ẹ̀fẹ̀. Níbi tí ọ̀dà bá ti ń ṣí nísàlẹ̀ ògiri, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun iyọ̀ sì ń yọ, omi ló ń gun ògiri bọ̀ láti ìpìlẹ̀. Gọ́ọ̀mù kì í dúró lórí ibẹ̀, pákó tí ẹ bá sì kàn mọ́ ọn á jẹrà lábẹ́ ẹwà. Mo gé ọ̀rá méjì, ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóòró, mo fi téèpù lẹ etí wọn pinpin mọ́ ògiri, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ ní igun, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tòkè gbẹ. Inú tìsàlẹ̀ làágùn, omi kéékèèké sì so mọ́ ọn bí ìrì. (Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rá, tó kọjú sí yàrá, ló tutù, afẹ́fẹ́ inú ilé ló lómi, ògiri kọ́.) Nígbà tí mo yí síta, yẹ̀pẹ̀ ti wọ́ jọ sí ìdí ògiri náà, ó ga ju ojú táìlì inú lọ. A wa yẹ̀pẹ̀ náà kúrò, a la ojú omi, a sì dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rá gbẹ.

Yíyàn pánẹ́ẹ̀lì kò gba àròjinlẹ̀ púpọ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: PVC tó jẹ́ ike tó ṣófo nínú, WPC tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n pò mọ́ ike, àti MDF tó jẹ́ èérún pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. MDF lẹ́wà, ó sì rọrùn láti kùn, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, á wú bí gààrí. Mo mú WPC fún ògiri, mo mú PVC fún àjà torí ó fúyẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí òkè ìlà rẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ wọnú, ẹ dá a padà. Ẹ di ojú kan, kí ẹ wò ó láti ìdí dé orí bí káfíńtà ti ń wo pákó, ẹ ó rí èyí tó ti lọ́. Àwọ̀ páálí kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà inú oòrùn ni mo ti fi wọ́n wé ara wọn, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni kíkà. Pánẹ́ẹ̀lì tí mo rà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 16, ó gùn ní mítà 2.9. Ṣùgbọ́n ó ní akọ àti abo: bí akọ bá wọnú abo tán, 15.5 ló kù tí ojú ń rí. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 366. Ẹ fi 15.5 pín in: odindi 23, ó ku sẹ̀ǹtímítà 9 ààbọ̀. Ẹni tó bá fi 16 pín in á ra 23, sẹ̀ǹtímítà 9 ààbọ̀ á sì wà níhòòhò. Mo ra 26, méjì nínú rẹ̀ fún èyí tí ayùn bá bà jẹ́. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú pálọ̀ fún òru méjì kí ara wọn lè bá yàrá mu. Ẹ má fi wọ́n ti ògiri. Wọ́n á tẹ̀.

Mo ṣe àjà ṣáájú ògiri. Ẹsẹ̀ bàtà 14 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 427, PVC náà sì fẹ̀ ní 25. Odindi 17 á gba 425, á wá ku ìlà tín-ínrín sẹ̀ǹtímítà méjì lẹ́bàá ògiri, èyí tó burú lójú. Odindi 16 ni mo lò, mo gé etí méjèèjì sí 13 ààbọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ń fi sáàárín nọ́gìn, ìyẹn igi tí a ń kan àjà mọ́. Íǹṣì 16 ni mo fi sí i, torí ooru abẹ́ páànù máa ń mú ike rọ̀, bí àlàfo bá sì fẹ̀, àjà á sọ̀ ní àárín. Ìkọ́ fáànù gbọ́dọ̀ di igi òrùlé mú, kì í ṣe PVC. Gílóòbù LED nìkan ni mo fi sí i.

Fún ògiri, pákó íǹṣì 1 sí 2 ni mo lò, ẹsẹ̀ bàtà 12 gan-an bí sọ́mìlì ti ń tà á. Pánẹ́ẹ̀lì dúró lóòró, nítorí náà pákó sùn níbùú: ìlà méje, sẹ̀ǹtímítà 45 láàárín wọn. Pákó tútù á lọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá kàn án tán, èyí tó ti gbẹ ni kí ẹ mú. Mo fi oògùn ikán pa á lára; ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí àwọn kan ń lò kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, òórùn rẹ̀ kì í sì í tán. Mo fi díríìlì lu ihò, mo ki fíṣà (ike tó ń di súkúrúù mú nínú ògiri) bọ̀ ọ́, mo sì fi súkúrúù íǹṣì 3 dè é: íǹṣì kan fún pákó, èyí tó kù á la pilásítà kọjá wọ búlọ́ọ̀kù. Méje ní ìlà kan, 49 lápapọ̀. Níbi tí fíṣà bá ń yí òfìfo, ihò àárín búlọ́ọ̀kù ni ẹ bọ́ sí. Ẹ sún un síwájú díẹ̀. Mo na okùn láti pákó òkè dé tìsàlẹ̀, mo sì ki àjákù pílíwúùdù sẹ́yìn ibi tó bá wọnú. Pákó 1 sí 6 ni mo fi síbi tẹlifíṣọ̀n, bóòtù rẹ̀ á sì la pánẹ́ẹ̀lì àti pákó kọjá dé ògiri.

Igun ilé kì í gún. Èyí tí mo bá yà ní sẹ̀ǹtímítà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Okùn olójé ni mo fi mú pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ dúró gún, tírìmù, ìyẹn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo etí, sì bo àlàfo náà. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà 273 kí mìlímítà 5 lè ṣí lókè àti nísàlẹ̀. Èyí tó bá há, ooru á mú un wú síta. Ayùn ọwọ́ tó ní eyín kéékèèké ni mo lò, ojú rere sókè, torí nísàlẹ̀ ni ayùn ti ń ya nǹkan. Súkúrúù kékeré wọ etí abo, èyí tó ń bọ̀ á bò ó, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù díẹ̀ lórí pákó kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn mẹ́rin-mẹ́rin, mo tún fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó.

Ẹ pa iná láti ibi mítà kí ẹ tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ojú ògiri ti bọ́ síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, súkúrúù àtijọ́ kò ní dé mọ́. Ẹ fa àpótí rẹ̀ síta, kí wáyà má bàa wà láàárín pákó láìní ilé.

Lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ ni mo ti wọn ti ìkẹyìn: 9.6, 9.4, 9.1. Inú kòtò ìlà ni mo gbìyànjú kí ayùn gbà, torí orí òkè rẹ̀ ṣófo, á fọ́. Ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì ni mo fi í sí. Pánẹ́ẹ̀lì méjì tó kù wà ní ìdùbúlẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú ègé páálí tó ní nọ́ńbà àwọ̀ lára.